Bulọ́ọ̀gì tó ń falẹ̀: VPS ni ká rà, àbí shared hosting tó ní LiteSpeed?

Bí bulọ́ọ̀gì yín bá ń pẹ́ kó tó ṣí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sábà máa ń wà lẹ́nu àwọn tó ń ta hosting: ẹ gbé e sókè sí plan tó tóbi. Mo ti ra plan tó tóbi rí. Mo ti ra VPS náà, ìyẹn ìpín sáfà tó jẹ́ ti ẹnì kan nìkan. Mo sì ti lo shared hosting, níbi tí ọ̀pọ̀ sáìtì ti ń pín sáfà kan náà, oríṣi méjì: ọ̀kan fojú mi rí màbo, èkejì ni mo ṣì wà lórí ẹ̀ títí dòní. Ẹni tó fẹ́ náwó ni mo ń kọ èyí fún, pàápàá ẹni tó ń lo WordPress, tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé rẹ̀ ń fi fóònù kà á ní Nàìjíríà, tí díẹ̀ sì wà ní London àti Houston. Mi ò ní jókòó ka iye GB fún yín. Gbogbo olùtajà ló ti kọ ìyẹn gàdàgbà sójú ìwé wọn.

Nǹkan mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wé ara wọn: shared hosting tó ń lo Apache, shared hosting tó ń lo LiteSpeed, VPS kékeré, àti sáìtì static, tí ojú ìwé rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní títò, tí kò ní WordPress nínú rárá. Apache àti LiteSpeed ni ètò orí sáfà tó ń gbé ojú ìwé fún òǹkàwé. CDN, ìyẹn àwọn sáfà káàkiri ayé tó ń pa ẹ̀dà sáìtì mọ́ nítòsí òǹkàwé, lè bá èyíkéyìí nínú wọn rìn, nítorí náà màá mú un lọ́tọ̀.

Èrò tó lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà

Ibí ni owó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀.

Shared hosting "unlimited" ni mo kọ́kọ́ rà, Apache ló ń lò. Lọ́jọ́ lásán, kò yára, àmọ́ ó ń ṣí. Ó wá di ọjọ́ tí ẹnì kan gbé àpilẹ̀kọ mi sórí Facebook, ni èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Dípò àpilẹ̀kọ, "508 Resource Limit Is Reached" ni wọ́n bá níbẹ̀. Mo kọ̀wé sí support, wọ́n ní kí n ra plan tó tẹ̀ lé e. Mo rà á. Lọ́jọ́ mìíràn tí èrò tún dé, 508 tún bá wọn dé.

Ohun tí kò sí nínú ìpolówó wọn ni EP, entry processes: iye iṣẹ́ tí sáìtì yín lè máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ shared hosting ló ń lo CloudLinux, ètò tó ń darí sáfà, CloudLinux sì máa ń pààlà fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ibi, 20 ni ààlà EP. Plan tí mo fowó kún yẹn fi àyè ìpamọ́ kún ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n EP rẹ̀ kò fi ẹyọ kan pọ̀ sí i.

Ẹ fojú inú wo búkà tó ní ààrò 20. Kì í ṣe pé èèyàn 20 péré ló lè jẹun níbẹ̀ lóòjọ́ o. Ìkòkò 20 ló lè wà lórí iná lẹ́ẹ̀kan náà. Bí PHP, èdè tí WordPress fi ń ṣiṣẹ́, bá ń lo sẹ́kọ́ǹdì méjì kó tó to ojú ìwé kan tán, ojú ìwé mẹ́wàá ló lè jáde ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, 508 ni tiẹ̀. Bí PHP bá ń lo ìdajì sẹ́kọ́ǹdì, ojú ìwé 40 ló máa jáde. Ààlà ò yẹ̀, àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà ló yí padà. Ìdí nìyí tí ìyára àti èrò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà: sáìtì tó falẹ̀ ló tètè ń kún.

Cache, ìyẹn fífi ojú ìwé tó ti tò tán pa mọ́ de ẹni tó ń bọ̀, ló ń gbani níbẹ̀, ṣùgbọ́n cache ju oríṣi kan lọ. Lórí Apache, plugin bíi WP Super Cache máa ń fi ojú ìwé tó ti tò tán pa mọ́ bíi HTML. Ó dára. Àmọ́ bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí ètò "Simple" rẹ̀, PHP ṣì ní láti jí dìde kó tó gbé HTML yẹn jáde. Lórí LiteSpeed, sáfà fúnra rẹ̀ ló máa gbé ojú ìwé fún àlejò, PHP ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wá. Ọ̀fẹ́ ni plugin LiteSpeed Cache, ṣùgbọ́n bí sáfà yín kì í bá ṣe LiteSpeed, apá tó ń pa ojú ìwé mọ́ yẹn kò ní ṣiṣẹ́, àfi tí ẹ bá gba QUIC.cloud, CDN tó ń bá plugin náà ṣiṣẹ́, kọjá. Mo ti rí àwọn tó fi plugin yìí sórí Apache tí wọ́n ń yọ̀ pé àwọn ti ní cache.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ ní kí olùtajà fún yín ní àdírẹ́sì sáìtì WordPress kan tó wà lórí sáfà tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ẹ ṣí i lórí Chrome, ẹ tẹ F12, ẹ lọ sí Network, ẹ tún ojú ìwé náà ṣí, kí ẹ tẹ ìlà àkọ́kọ́. Nínú àwọn header, ìyẹn àlàyé tí sáfà fi ń ránṣẹ́ pẹ̀lú ojú ìwé, ẹ wá "x-litespeed-cache: hit". Bí ó bá jẹ́ "miss", ẹ tún un ṣí lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá ṣì jẹ́ "miss", wọ́n ní LiteSpeed lóòótọ́, wọn ò kàn lò ó ni. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé EP mélòó ni wọ́n máa fún yín. Bí èsì bá jẹ́ "unlimited", ẹ tún ìbéèrè náà béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lórí cPanel, ẹ wo "Resource Usage": iye ìgbà tí ẹ ti fara kan ààlà wà níbẹ̀.

Kò sí EP irú èyí lórí VPS, òótọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ ni gbogbo ẹ̀rọ náà. Wàhálà tibẹ̀ ni RAM. Lórí VPS oní-1GB, PHP àti MySQL, níbi tí àwọn àpilẹ̀kọ yín wà, jọ ń pín RAM kan náà. Bí èrò bá dé, PHP á máa pọ̀ sí i, RAM á tán, Linux á wá wá ẹni tó ń jẹun jù lọ láti pa, MySQL ló sì sábà máa ń jẹ́. Òǹkàwé á rí "Error establishing a database connection", ẹ̀yin á ti sùn. Mo fi swap, ìyẹn àyè díìsìkì tó ń ṣe bíi RAM, kún tèmi, mo dín iye PHP tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà kù, ó sì fara balẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí: owó tí mo san kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ààlà, èmi fúnra mi ni mo tún fọwọ́ ara mi pààlà nígbẹ̀yìn. Ẹ tún fi àtúnṣe Linux, firewall àti backup kún un. Kò sẹ́ni tó máa bá yín ṣe é, àfi tí ẹ bá ra managed VPS, owó ìyẹn sì ga.

Static ò ní ìṣòro yìí rárá. Hugo, ètò tí wọ́n fi ń ṣe sáìtì static, á ti to gbogbo ojú ìwé tán kí òǹkàwé kankan tó dé.

Ibi tí sáfà wà

Àdírẹ́sì .com.ng kò ní kí sáfà wà ní Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wa ló gbé ẹ̀rọ wọn sí Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, kò sì burú, bí wọ́n bá ti sọ ọ́.

Okùn íńtánẹ́ẹ̀tì MainOne tó gba abẹ́ òkun wá láti Portugal dé Èkó gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà. Nínú okùn bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń sá nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Àlọ àti àbọ̀ ti jẹ mílísẹ́kọ́ǹdì 70. Láti Èkó dé London, nǹkan bí 100 ló máa ń jẹ́. Fóònù òǹkàwé sì gbọ́dọ̀ lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó dé: ẹ̀ẹ̀kan fún TCP láti fi kan sáfà lára, ẹ̀ẹ̀kan fún TLS 1.3 láti fi dáàbò bo ọ̀rọ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀kan fún ojú ìwé gan-an. Ó di 300 kí WordPress tó lajú. Sáfà tó wà ní Amẹ́ríkà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ẹ fi 300 yẹn wé sẹ́kọ́ǹdì méjì tí PHP ń jẹ láìsí cache, ẹ ó rí i pé ọ̀nà jíjìn kọ́ ló kọ́kọ́ yẹ ká bá jà. London tàbí Amsterdam tó mi. Ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí àwọn okùn abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já lẹ́bàá Abidjan, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo jowú àwọn tí sáfà wọn wà l'Ékòó.

CDN

Cloudflare, CDN tí mo ń lò, ní ibùdó l'Ékòó, plan ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì tó bulọ́ọ̀gì. Àmọ́ bí ẹ bá kàn tan án, àwọn fáìlì bíi àwòrán, CSS àti JavaScript nìkan ló ń pa mọ́. HTML, ìyẹn ojú ìwé fúnra rẹ̀, ṣì ń rìn lọ bá sáfà yín lókè òkun. Bí ẹ bá rí "cf-cache-status: DYNAMIC" lórí ìlà àkọ́kọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ lè sanwó fún APO, tó ń bá yín pa HTML WordPress mọ́, dọ́là 5 lóṣù fún ẹni tó wà lórí plan ọ̀fẹ́, tàbí kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ Cache Rule, ìlànà tó ń sọ ohun tí Cloudflare máa pa mọ́. Ọ̀fẹ́ ni Cache Rule, ṣùgbọ́n ẹ yọ wp-admin àti ẹnikẹ́ni tó ti wọlé kúrò níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àlejò lè bá ojú ìwé tó yẹ kí ẹ̀yin nìkan rí pàdé.

Kí ẹ tó máa sọ pé Èkó ni Cloudflare ti ń dá àwọn òǹkàwé yín lóhùn, ẹ fi /cdn-cgi/trace kún àdírẹ́sì sáìtì yín, kí ẹ wo ìlà "colo". LOS ni Èkó, LHR ni London. Àwọn nẹ́tíwọ̀kì kan á gbé yín gba London bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìkẹjà lẹ jókòó sí.

Fọ́ǹtì, fún ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá

Mi ò tíì rí olùtajà hosting tó mẹ́nu kan èyí rí. Google Fonts máa ń gé fọ́ǹtì kan sí fáìlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì má baà wa lẹ́tà Rọ́ṣíà sórí fóònù rẹ̀. Lẹ́tà a, b, d wà nínú fáìlì latin. Ṣ wà nínú latin-ext. Ẹ àti Ọ, tòun ti àmì ohùn orí wọn, inú fáìlì tí wọ́n gé fún èdè Vietnam ni wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ kékeré bíi "ọṣẹ" ti fa fáìlì méjì. Ẹ fi "dúdú" tẹ̀ lé e, ó di mẹ́ta. Bí ẹ bá tún ní lẹ́tà tó ki, tí fọ́ǹtì náà kì í ṣe variable (èyí tí fáìlì kan ní lẹ́tà tó ki àti èyí tí kò ki), ẹ ṣírò rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. VPS olówó ńlá ò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ lo fọ́ǹtì tó ti wà nínú fóònù òǹkàwé, tàbí kí ẹ gé tiyín sí fáìlì fọ́ǹtì woff2 kan ṣoṣo tó ní gbogbo lẹ́tà wa, kí ẹ gbé e sórí sáfà yín. Lórí sáìtì tèmi, òun ló yí ojú rẹ̀ padà jù lẹ́yìn cache.

Èyí tó kù

Àwòrán: WebP, kí fífẹ̀ rẹ̀ má sì ju ibi tó máa jókòó sí lọ. Gbogbo hosting ló bára dọ́gba níbẹ̀.

Plugin olówó: WP Rocket dára fún ẹni tó wà lórí Apache. Bí ẹ bá ní LiteSpeed, ẹ fi owó náà sápò.

Support: ti shared LiteSpeed tí mo wà máa ń fèsì. Lórí VPS, èmi ni support.

Owó: iye ìtúnrà ni kí ẹ wò, ẹ má wo ti ọdún àkọ́kọ́. Bí ó bá sì jẹ́ dọ́là, ẹ rántí pé kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan ò tó náírà 500 ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Olùtajà tó ń gba náírà, tí sáfà rẹ̀ wà ní London, ni mo fara mọ́.

Blogger: ọ̀fẹ́ ni, Google ló ń gbé e, ọ̀rọ̀ EP ò kàn yín. Téèmù tó wúwo ló ń bà á jẹ́.

Ta ni kó ra kí ni

VPS ni fún ẹni tó ń tajà lórí sáìtì rẹ̀, tàbí tí àwọn èèyàn ń wọlé sí àkáǹtì níbẹ̀, nítorí pé ojú ìwé ẹni tó ti wọlé kò ṣeé fi cache fún gbogbo ayé. Kí ó mọ Linux, tàbí kí ó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n. 2GB ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Static lórí Cloudflare Pages ló yára jù nínú gbogbo wọn, ọ̀fẹ́ sì ni fún bulọ́ọ̀gì tí kò tóbi, bí git, ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì, kò bá ti bà yín lẹ́rù, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ máa bá yín kọ̀wé síbẹ̀. Apache shared tó rẹlẹ̀ jù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ WordPress lè fi ṣeré.

Ẹni tó kàn fẹ́ kọ nǹkan, kó tẹ "Publish", kó sì lọ sùn, shared hosting tó ní LiteSpeed ni, pẹ̀lú EP tó ju 20 lọ bí ẹ bá lè rí i, kí Cloudflare ọ̀fẹ́ wà níwájú rẹ̀. Ẹ san ti oṣù kan ná. Ẹ gbé ẹ̀dà bulọ́ọ̀gì yín síbẹ̀ lórí subdomain, kí ẹ wo header x-litespeed-cache yẹn lórí rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ní àárọ̀ àti ní alẹ́ tí èrò pọ̀. Ẹ má pa hosting ti àtijọ́ rẹ́ títí DNS, tó ń júwe ibi tí sáìtì yín wà, á fi yí padà tán. Bí wọ́n bá ní ọdún kan gbáko nìkan làwọn ń tà, ẹ gba iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń dá owó padà lákọsílẹ̀ kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà káàdì yín.