Òkúta Mìlímítà 7: Bí Ìtọ́jú Tí Wọ́n Fún Mi Ṣe Rí

Aránṣọ ni mí. Ojú ni mo fi ń wọn nǹkan kí n tó mú téèpù. Bí ẹnì kan bá ní mìlímítà 7, mo mọ bó ṣe kéré tó: kò tó etí aṣọ tí mo máa ń ká sínú kí n tó rán an. Òkúta inú kíndìnrín tó mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀ ló dá mi wólẹ̀ ní balùwẹ̀ láago 3 òru, tí bàbá àwọn ọmọ mi ń pè mí lẹ́nu ọ̀nà, tí mi ò lè dá a lóhùn.

Mo fẹ́ sọ bí ìtọ́jú náà ṣe lọ, ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa àti ibi tó kù sí. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn kankan. Nígbà tó ń ṣe mí, mo wá ẹni tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá tó lè sọ ojú abẹ níkòó fún mi, mi ò rí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, lápá òsì, lábẹ́ egungun ìhà. Ó rọra ń rìn bọ̀ níwájú, ó sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ikùn, ó sì dé ìdí itan. Mo ti rọbí lẹ́ẹ̀mẹta rí, mo mọ ohun tó ń jẹ́ ìrora. Èyí tún yàtọ̀, nítorí kò síbi tí mo lè fi ara sí. Mo jókòó, kò gbà. Mo dìde, kò gbà. Mo dùbúlẹ̀, ó burú sí i. Á mú mi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á dẹ̀ díẹ̀ bíi pé ó ti tán, á tún dé. Mo bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú mi mọ́. Nígbà tí mo wá tọ̀, ìtọ̀ náà dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran tútù.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí torí pé mò ń jókòó pẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n fún mi ní oògùn ara ríro, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó ní kí n tọ̀ sínú ike kí wọ́n wò ó. Ó dùn mí di òní, nítorí àyẹ̀wò ìtọ̀ lásán ì bá ti jẹ́ kí wọ́n fura. Ẹ̀yìn tó ń dunni nítorí iṣẹ́ máa ń fúyẹ́ béèyàn bá sinmi. Èyí kò mọ ìsinmi.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi yìn wọ́n ni ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì bi mí kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun: "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé ara yín ń gbóná? Ṣé òtútù ń mú yín? Ṣé kíndìnrín yín pé méjì? Ṣé ẹ lóyún?" Mo rò pé ó kàn ń kún ìwé ni. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún mi pé bí òkúta bá dí ọ̀nà, tí kòkòrò àrùn sì wà nínú ìtọ̀ tó há sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di kíákíá nìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà fa ìtọ̀ náà jáde láìjáfara, yálà kí wọ́n ti rọ́bà bọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ tàbí kí wọ́n gba ẹ̀yìn wọ inú kíndìnrín, nítorí kòkòrò náà lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ kó sì pa èèyàn. Fífọ́ òkúta á dúró di ìgbà míì. Ara mi kò gbóná, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní ìrora yìí tí ibà tàbí òtútù sì bá a rìn kò gbọ́dọ̀ dúró di àárọ̀.

Abẹ́rẹ́ diclofenac tó ń pa ìrora ni wọ́n gún mi. Kò pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo fi lè jókòó bí èèyàn. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín, torí oògùn náà kò dáa fún irú wọn, kò sì dáa fún aláboyún. Wọ́n wo ìtọ̀ mi, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì gbé mi lọ síbi CT scan, ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara. Kò gba àkókò, wọn ò sì gún mi ní abẹ́rẹ́ aró tí wọ́n máa ń fún àwọn kan kí wọ́n tó yàwòrán. Fún aláboyún àti ọmọdé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń lò.

Dókítà yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Àmì funfun bíńtín kan ló wà lórí àwòrán náà. Ó ní ihò tó ń gbé ìtọ̀ láti kíndìnrín lọ sínú àpò ìtọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà 3 sí 4 lọ. Ibi mẹ́ta ló sì ti fún jù: ibi tó ti jáde nínú kíndìnrín, ibi tó ti gorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀, àti ẹnu ibi tó ti wọ inú àpò ìtọ̀. Ibi kejì yẹn ni tèmi há sí. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Bí okùn ṣòkòtò bá ta kókó nínú ojú okùn, béèyàn ṣe ń fà á ni aṣọ á máa sún kì. Ó ní ìtọ̀ tó ń padà sẹ́yìn, tó ń na kíndìnrín bíi bàlúùnù, òun gan-an ló ń fa ìrora náà, kì í ṣe pé òkúta ń gé mi.

Ó fi ọ̀nà mẹ́ta hàn mí, kò fi agbára mú mi sí ọ̀kan. Mo lè dúró wò ó bóyá á jáde fúnra rẹ̀, pẹ̀lú oògùn tamsulosin tó ń dẹ ihò náà. Wọ́n lè lo ẹ̀rọ tó ń ti ìta ara fi ìgbì lu òkúta títí á fi fọ́, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ lò fún èèyàn ní ìlú Munich ní Jámánì lọ́dún 1980. Tàbí kí wọ́n gba ojú ibi tí ìtọ̀ ń gbà jáde wọlé pẹ̀lú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ojú lẹ́nu, kí wọ́n fi iná lésà fọ́ ọ. Ó ní èyí tí kò tó mìlímítà 5 sábà máa ń jáde fúnra rẹ̀, èyí tó bá ju 10 lọ ṣọ̀wọ́n kó jáde, tèmi wà láàárín. Mo ní màá dúró.

Wọ́n ní kí n máa tọ̀ sínú asẹ́. Wọn ò fún mi ní asẹ́, wọn ò sì sọ irú èyí tí mo máa lò. Mo gé aṣọ nẹ́ẹ̀tì tó fúnjú jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo rán an mọ́ ẹnu ike kan, ohun tí mo lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yàwòrán, òkúta náà kò kúrò lójú kan, kíndìnrín sì ti ń wú. Mo gbà kí wọ́n fi lésà ṣe é.

Iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀, mi ò ní ẹ̀sùn kankan. Wọ́n kùn mí lóorun, wọn ò la ibì kankan lára mi, mo sì sùn sílé mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ wà lórí rọ́bà tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú mi. Sténtì ni wọ́n ń pè é. Ó gùn láti inú kíndìnrín dé inú àpò ìtọ̀, orí rẹ̀ méjèèjì ká kóróbójó kó má bàa yọ̀ kúrò níbi tó wà. Iṣẹ́ rẹ̀ dára: ó ń jẹ́ kí ìtọ̀ ráyè kọjá títí wíwú á fi lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí, ìlà kan péré ni wọ́n fi mẹ́nu kàn án. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìtọ̀ á máa gbọ̀n mí bíi pé mi ò tíì tọ̀, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ṣálángá. Wọn ò sọ pé bí mo bá ń tọ̀, ìrora á gòkè lọ sí ìhà, torí ìtọ̀ ń gba inú rọ́bà náà padà sókè. Wọn ò sọ pé bí mo bá dúró pẹ́ níbi tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ìtọ̀ á tún pọ́n. Lọ́jọ́ kẹta mo sunkún lóru, mo rò pé wọ́n ti bà mí jẹ́. Bàbá àwọn ọmọ mi ló pè wọ́n. Ẹni tó gbé fóònù ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, sà." Bí wọ́n bá ti sọ bó ṣe máa ń rí kí n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, n kì bá tí sunkún. Nígbà tí wọ́n dá mi padà sórí tamsulosin, ó fúyẹ́ gan-an.

Ohun tí mo gbà fún wọn ni pé wọn ò gbàgbé rọ́bà náà sínú mi. Wọ́n kọ ọjọ́ yíyọ sínú káàdì mi, wọ́n sì pè mí lọ́jọ́ tó ṣíwájú. Sténtì tí wọ́n bá gbàgbé fún oṣù mélòó kan, òkúta á hù bò ó, yíyọ rẹ̀ á sì wá di iṣẹ́ abẹ míì. Tèmi, ọjọ́ 10 ni, yíyọ rẹ̀ kò sì tó ìṣẹ́jú méjì.

Wọ́n kó àfọ́kù òkúta náà hàn mí nínú ìgò kékeré. Ó dúdú bí ẹ̀kù àgbọn, ó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lára bí èso èèmọ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ etí aṣọ. Wọ́n gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò, calcium oxalate ni, ìyẹn kálísíọ̀mù tó so pọ̀ mọ́ èròjà kan tó ń jẹ́ oxalate, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù. Oògùn kò lè yọ́ irú rẹ̀. Òkúta uric acid ni oògùn tó ń dín kíkan ìtọ̀ kù máa ń yọ́. Bí mo bá ti mọ̀, n kì bá tí ná owó sórí àwọn àgbo ayọ́kúta tí wọ́n tà fún mi nígbà tí mò ń dúró.

Àyẹ̀wò tó wúlò fún mi jù lẹ́yìn ìyẹn ni ti ìtọ̀ wákàtí 24. Wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù kan fún mi pé gbogbo ìtọ̀ mi láti àárọ̀ dé àárọ̀ ni kí n dà sínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mìlílítà 900. Dókítà ní ó yẹ kó tó lítà 2 àbọ̀. Ojú tì mí, torí mo mọ ohun tó fà á: bí oníbàárà bá ń dúró, mi ò kì í mu omi kí n má bàa máa dìde. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún bi mí ní ohun tí mò ń jẹ àti oògùn tí mò ń lò. Mo ti jáwọ́ nínú mílíìkì torí àwọn èèyàn ní kálísíọ̀mù ló di òkúta. Dókítà ní kí n padà sídìí rẹ̀, torí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ ló ń di oxalate mú nínú ìfun, kó tó dé inú ìtọ̀. Iyọ̀ ló ní kí n dín kù, torí òun ló ń fa kálísíọ̀mù sínú ìtọ̀. Vitamin C oní-1000 mílígíráàmù tí mò ń mu lójoojúmọ́, ó ní kí n dá a dúró, nítorí ó máa ń di oxalate nínú ara. Ó gbà mí láyè láti máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ti ní òkúta yìí rí ló tún máa ń ní i láàárín ọdún 10, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ọ̀kan tí mo yọ, torí sténtì ni. Nígbà tí mo padà lọ fún àyẹ̀wò lóṣù kẹta, tí wọ́n ní kò sí òkúta mọ́ tí wíwú sì ti lọ, mo mú ìwé kan dání tí mo kọ gbogbo ohun tí rọ́bà náà ṣe fún mi sí, lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kẹta, lọ́jọ́ kẹwàá. Mo fún nọ́ọ̀sì tó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó kà á tán lórí ìdúró, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Obìnrin kan wà nínú yàrá kejì tí wọ́n máa ṣe tiẹ̀ lọ́la," ó sì mú un wọlé lọ bá a.