Nikon D3500 àti Fujifilm X-T30: Èwo Ló Yẹ Ẹni tó Ń Ya Fọ́tò Nítorí Ìfẹ́?

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó mú, mo máa ń gbé kámẹ́rà gun Òkè Màpó ní Ìbàdàn, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà Ọjẹ́ láàárín àwọn tó ń ta aṣọ òkè. Iṣẹ́ mìíràn ni mo fi ń jẹun. Ìfẹ́ ló gbé mi dé ìdí fọ́tò yíyà. Mo ti lo Nikon D3500, mo sì ti lo Fujifilm X-T30, àwọn méjèèjì yìí sì ni àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ ra kámẹ́rà tòkunbọ̀ máa ń bi mí nípa wọn jù lọ. Ẹni tí owó rẹ̀ níwọ̀n, tí ó sì fẹ́ kí kámẹ́rà tí òun bá rà máa bá òun jáde lójoojúmọ́, ni mo ń kọ èyí fún.

Ọdún 2018 ni Nikon gbé D3500 jáde, Fuji sì gbé X-T30 jáde ní ọdún 2019. Títóbi sẹ́ńsọ̀ wọn, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ di fọ́tò nínú kámẹ́rà, fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Megapixel (iye mílíọ̀nù ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò) 24 ni ti Nikon, 26 ni ti Fuji, ìyàtọ̀ yẹn kò sì tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ojú rí lára fọ́tò tí a tẹ̀ sórí bébà. Tí bátìrì àti káàdì bá wà nínú wọn, Nikon wọn gíráàmù 415, Fuji wọn 383. Ohun tí ẹ máa fi ọwọ́ mọ̀ ni pé Nikon nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 70, nígbà tí Fuji kò ju 47 lọ, ó sì rọrùn láti gbé sínú àpò tí a fi ń lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ihò ìwòran ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà wọn ti pín. Nínú Nikon, dígí kan wà lẹ́yìn lẹ́ńsì tí ó ń darí ìmọ́lẹ̀ sókè sí ojú ẹni, nítorí náà nǹkan tí ẹ fẹ́ yà gan-an ni ẹ ń rí, bí ẹni tó yọjú lójú fèrèsé, kódà bí ẹ kò tíì tan kámẹ́rà náà. Fuji kò ní dígí yìí. Ohun tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré ló wà nínú ihò tirẹ̀, tí ó ń fi bí fọ́tò yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó hàn yín kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Ìdí tí èyí fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà máa ń ka gbogbo ohun tó bá rí sí aláwọ̀ eérú, tí kò dúdú, tí kò funfun. Bí àgbàlagbà tó wọ agbádá funfun bá dúró nínú oòrùn, kámẹ́rà á gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, agbádá á rí bí eérú, ojú ẹni náà á sì ṣú. Bí aláwọ̀ dúdú bá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣókùnkùn, òdì-kejì rẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀: kámẹ́rà á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, awọ tó ń dán á sì ṣá. Ní Ọjẹ́, bàbá kan tó wọ dàńṣíkí funfun gbà kí n ya fọ́tò wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nikon ló wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó rí i pé ojú wọn ti ṣú, wọ́n ti dìde lọ, mi ò sì lè pè wọ́n padà. Fuji ìbá ti fi hàn mí ṣáájú, mà bá sì ti yí bọ́tìnì róbótó tó wà lórí rẹ̀ lápá ọ̀tún, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí láti -3 (láti dín ìmọ́lẹ̀ kù) dé +3 (láti fi ìmọ́lẹ̀ kún un), kí n tó tẹ̀ ẹ́. Nikon lè ṣe àtúnṣe kan náà, ṣùgbọ́n ẹ ní láti tẹ bọ́tìnì kan mọ́lẹ̀ kí ẹ máa yí òmíràn, ìmọ̀ àti ìrírí yín ni yóò sì sọ iye tí ẹ máa fi kún un. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ya awọ ara wa kó rí bó ṣe rí, Fuji ni mo fara mọ́, láìṣiyèméjì.

Bí a bá dé orí bátìrì, Nikon ló borí. Nínú ìdánwò tí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà jọ ń lò, Nikon lè ya fọ́tò 1,550 kí bátìrì rẹ̀ tó tán, 380 sì ni ti Fuji. Níbi tí iná lè lọ fún ọjọ́ méjì, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹni tó bá máa ra Fuji gbọ́dọ̀ fi owó bátìrì méjì mìíràn sínú ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó tù mí nínú ni pé ẹ lè fi wáyà USB-C so Fuji mọ́ power bank kí ó máa gba iná. Ti Nikon ní láti jáde kúrò nínú kámẹ́rà lọ sórí ṣájà tirẹ̀.

Àsìkò ọyẹ́ ń fìyà jẹ àwọn méjèèjì, nítorí kò sí èyí tí wọ́n dí pa mọ́ eruku tàbí omi. Fuji lè gbọn sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí eruku lè já bọ́. D3500 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra nípa lẹ́ńsì. Kò sí mọ́tò tó ń yí lẹ́ńsì nínú D3500, nítorí náà lẹ́ńsì tó ní mọ́tò tirẹ̀, bí èyí tí wọ́n kọ AF-S tàbí AF-P sí lára, nìkan ló lè mú kí ohun tí ẹ ń yà hàn kedere fúnra rẹ̀. Lẹ́ńsì AF 50mm f/1.8D tí wọ́n máa ń tà ní owó pọ́ọ́kú yóò wọlé sára kámẹ́rà náà dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ẹ ó máa fi yí i. AF-S DX 35mm f/1.8G ni kí ẹ béèrè fún. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ wọlé, ó fúyẹ́, ó sì dára fún ènìyàn àti òpópónà. Irú rẹ̀ tí mo ń lò lára Fuji ni XF 35mm f/2, tó dára púpọ̀ ṣùgbọ́n tó wọ́n jù ú lọ. Àwọ̀ tí Fuji ń gbé jáde tún ń dùn mọ́ mi: ó ní ètò Acros fún dúdú-àti-funfun, tí wọ́n fi sọrí fíìmù tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn ṣe, n kì í sì í gbé fọ́tò rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà fún àtúnṣe.

Fídíò kò gba àlàyé púpọ̀: Fuji ń ya 4K, ó sì ní ojú ihò tí a lè fi máíkì sí, Nikon kò ní ìkankan nínú méjèèjì.

Kí ẹ tó sanwó tòkunbọ̀, ẹ mú káàdì tiyín lọ. Ẹ ya ojú ọ̀run ní f/16 (ìyẹn nígbà tí ihò lẹ́ńsì kéré) kí ẹ wo bóyá àmì dúdú eruku wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì tan inú lẹ́ńsì, nítorí mo ti ra lẹ́ńsì kan rí tí èbu ti hù sínú rẹ̀, tí ẹni tó tà á kò sì gbà á padà. Nikon máa ń kọ iye fọ́tò tó ti yà sínú fáìlì fọ́tò rẹ̀, ẹ sì lè gbé fáìlì náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ kà á.

Bí owó yín bá tó Fuji pẹ̀lú lẹ́ńsì gidi kan, Fuji ni kí ẹ rà. Bí kò bá tó, Nikon pẹ̀lú lẹ́ńsì 35mm yóò ya fọ́tò tó dára ju Fuji tí ẹ fi lẹ́ńsì yẹpẹrẹ sí lọ. Ní tèmi, Fuji ló ń bá mi lọ sí Màpó àti Ọjẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń lọ lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, tí mi ò mọ̀ bóyá iná máa wà, Nikon ni mo ń gbé.