Bíkà àbí sílíńdà, ìwọ̀n oníbátìrì àbí alápá mẹ́ta: èwo lẹ fẹ́ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra irinṣẹ́ kẹ́mísìrì ní Àkúrẹ́ ńbí, yálà ẹ ní ilé ìwé ni o, àbí ọṣẹ lẹ ń sè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó náwó. Àwa ará Oǹdó mọ̀ pé kòkó la máa ń gbé sórí ìwọ̀n, kóńgò la fi ń wọn gààrí, kóńgò gààrí kan àti kóńgò ìrẹsì kan ò sì wúwo bákan náà rárá. Bó ṣe rí náà nìyẹn pẹ̀lú irinṣẹ́ kẹ́mísìrì: ohun tó ń wọn bí nǹkan ṣe gbàyè tó yàtọ̀ sí ìwọ̀n tó ń sọ bó ṣe wúwo tó.

Bíkà, ìyẹn ife gíláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò, lèèyàn máa ń kọ́kọ́ sáré rà, àmọ́ ìlà ara ẹ̀, kéèyàn kàn fojú dá nǹkan ni wọ́n ṣe fà á, ó lè fi 5% ṣìnà, ibi tí wọ́n kọ 100 ml sí lè jẹ́ 95, ó lè jẹ́ 105. Sílíńdà, ìyẹn ife gígùn tóóró tí wọ́n fàlà sí lára láti fi wọn nǹkan olómi, tó bá jẹ́ 100 ml tó dáa, ò ní fi ju 1 ml ṣìnà lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ po nǹkan tàbí gbé e kaná, ẹ ra bíkà, kẹ́ ẹ béèrè borosilicate, ìyẹn gíláàsì tó ń gba iná, torí gíláàsì lásán lè là lórí iná, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọn nǹkan.

Àwọn ọmọ SS3 tó fẹ́ ṣe WAEC ńkọ́? Sílíńdà gan-an ò tó wọn. Nínú titration, ìyẹn kí wọ́n máa ro omi kẹ́míkà kan díẹ̀díẹ̀ sínú òmíràn láti mọ iye tó máa gbà, iye tí wọ́n máa fi ṣe àròpín ò gbọ́dọ̀ fi ju 0.20 ml jìnnà síra, bùrẹ́ẹ̀tì 50 ml, ọ̀pá gíláàsì gígùn tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, ló lè ṣe ìyẹn, òun àti pípẹ́ẹ̀tì 25 ml tí wọ́n fi ń fa omi kẹ́míkà. Mo ti rí ilé ìwé tó ra bíkà jọ pelemọ, bùrẹ́ẹ̀tì méjì péré, tí àwọn ọmọ wá ń tò bí ẹni tó fẹ́ pọnmi, ó dùn mí gan-an. Ẹ ra bùrẹ́ẹ̀tì tí ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀ jẹ́ ike, torí tí kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ yẹn, bá pẹ́ nínú ti gíláàsì, ó máa ń gan pa ni.

Ẹ̀yin ọlọ́ṣẹ, sílíńdà oníke ni tiyín, kì í tètè fọ́, kọ́sítíìkì ò sì ń jẹ ẹ́. Kọ́sítíìkì fúnra ẹ̀, orí ìwọ̀n ni o, ẹ má fi ife bù ú, tó bá lé nínú ọṣẹ á máa ta èèyàn lára, kẹ́ ẹ sì yára wọ̀n ọ́n torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́.

Ìwọ̀n wá ńkọ́. Oníbátìrì kékeré máa ń ka 0.01 g, ó yá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò lè gbé ju 200 tàbí 500 g lọ, atẹ́gùn fáànù lásán á sì máa dà á láàmú. Alápá mẹ́ta, tí wọ́n ń ti irin kéékèèké lórí apá ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí á fi dọ́gba, ń gbé tó 610 g, ó ń ka 0.1 g, kò bèèrè iná, kò bèèrè bátìrì, ó kàn ń falẹ̀ ni. Fún ilé ìwé, òun ni mo fara mọ́, ọmọ á fojú ara ẹ̀ rí bí ìwọ̀n ṣe ń dọ́gba.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé òkúta ìwọ̀n 100 g sórí ìwọ̀n náà kẹ́ ẹ wo iye tó máa kọ. Tó bá pé, ẹ gbé sílíńdà òfìfo lé e, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ bu omi dé 100 ml, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti tẹ̀ wọnú. Tí ò bá súnmọ́ 100 g, ẹ fi sílíńdà yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.