Gíà Toyota Prius: Ohun Tí Wọn Kò Fi Sínú Rẹ̀ Ló Jẹ́ Kó Pẹ́

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń fi Prius, ọkọ̀ Toyota tó ń lo ẹ́ńjìnnì epo pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ iná, ṣe takisí ní Lọ́ńdọ̀nù a máa yìn ín nítorí pé kì í jẹ epo púpọ̀, ṣùgbọ́n ní tèmi, gíà rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ yìn. Ìran kejì, tó jáde ní 2003, ni mo ń gbé yẹ̀ wò níhìn-ín.

Gíà kékeré tó ní eyín 30 wà láàárín, gíà mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní eyín 23 tò yí i ká, òrùka ńlá tó ní eyín 78 sì yí gbogbo wọn po. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí férémù tó gbé gíà mẹ́rin náà. Ẹ̀rọ iná kan so mọ́ gíà àárín, èkejì sì so mọ́ òrùka, níbi tí agbára ti ń lọ sí táyà.

Ẹni tó bá ti náwó sórí gíà ọ́tò mọ̀ pé clutch inú rẹ̀, ìyẹn àwo tó ń so agbára pọ̀ tó sì ń já a, ló sábà máa ń jó. Nínú ti Prius, kò sí clutch tí yóò máa dì mú tí yóò sì máa tú sílẹ̀, kò sí bẹ́líìtì, bẹ́ẹ̀ ni eyín gíà kan kì í fi èkejì sílẹ̀ nígbà kankan. Kódà rìfáàsì kò ní gíà tirẹ̀: ẹ̀rọ iná kejì ni yóò kàn yí sẹ́yìn. Gíà mẹ́rin náà jọ ń pín ẹrù gbé ni, àti pé nítorí pé wọ́n dọ́gba yíká, bí èyí ṣe ń ti gíà àárín síhìn-ín ni ẹnìkejì rẹ̀ ń tì í padà, tí bíárìn rẹ̀ kò fi ní jẹ ìyà ẹ̀gbẹ́ kan.

Ṣéènì tó ń gbé agbára kúrò lára òrùka ni n kò fẹ́ràn. Nígbà tí ìran kẹta dé ní 2009, wọ́n fi gíà rọ́pò rẹ̀. Mẹkáníìkì kan sọ pé ọ́ìlì gíà yìí kì í gba pípààrọ̀ títí ayé. N kò gbà. Ọ́ìlì WS tuntun, ìyẹn ọ́ìlì gíà ti Toyota, pupa bí omi ìṣapá, èyí tí mo tú jáde sì ti dúdú. Lítà mẹ́rin tó o.

Bí ọkọ̀ náà bá kú lójú títì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ pẹ̀lú táyà iwájú nílẹ̀, nítorí pé òrùka kì í já kúrò lára táyà, ẹ̀rọ iná kejì yóò sì máa pèsè iná tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ni kí ẹ pè.