Ilé ìwòsàn orí òkè: ìwé Mann àbí fíìmù Verbinski?

Orí òkè Alps ní Swítsàlandì ni ìtàn méjèèjì ti wáyé. Nínú The Magic Mountain (1924), ìwé ìtàn Thomas Mann, òǹkọ̀wé ará Jámánì, tó dá lórí ikọ́ ife, ọ̀sẹ̀ 3 ni ọ̀dọ́kùnrin kan, Hans Castorp, fẹ́ lò ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Davos. Ọdún 7 ló lò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ ni wọ́n ń ki tẹmómítà bọ ẹnu, ìṣẹ́jú 7 lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń parọ́ ìbà, wọ́n á fún un ní èyí tí kò ní nọ́ńbà, kí dókítà fúnra rẹ̀ wá wọ̀n ọ́n. Ọgbọ́n ju ọgbọ́n lọ!

Nínú A Cure for Wellness, fíìmù tí Gore Verbinski darí, omi ni oògùn, omi náà ló ń gbẹ aláìsàn: eyín wọn ń já bọ́. Ó ń dẹ́rù bani lóòótọ́, àmọ́ dókítà burúkú kan ló fa gbogbo rẹ̀. Ti Mann ló jinlẹ̀ jù: kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ Castorp.