Mo kó iṣẹ́ gráfíìkì mi kúrò lórí Windows lọ sórí Linux: ohun tí ojú mi rí

Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, báńnà, lébẹ́ẹ̀lì zobo àti ti píọ̀ wọ́tà: iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Kubwa nìyẹn láti ọdún mẹ́sàn-án wá, CorelDRAW, ètò ìyàwòrán kan, lórí Windows ni mo sì fi ń ṣe é. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, mo kó gbogbo rẹ̀ sórí Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó wò ni mo ń kọ èyí sí, pàápàá ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín ń gba ilé ìtẹ̀wé kọjá kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Àwọn tó ń yin Linux fún mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ilé ìtẹ̀wé rárá, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan sì ti le jù fún mi.

Ohun méjì ló lé mi kúrò níbi tí mo wà. Microsoft ti kéde pé 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10 máa dópin. Láptọ́ọ̀pù mi, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Banex Plaza ní Wuse 2, Core i5 ìran kẹfà ni, RAM rẹ̀ sì jẹ́ 8GB. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ, tó bá sì jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ lọ sókè ló ń gbà. Ẹ̀rọ tí kò ní àrùn kankan lára! Mo béèrè iye tí wọ́n ń ta tuntun, mo dúpẹ́, mo wọkọ̀ padà sílé.

Èkejì ni pé CorelDRAW tí mo ń lò, mi ò sanwó rẹ̀. Ẹ̀dà kíráàkì ni, inú fíláṣì ẹnì kan ni mo ti dà á kọ. Ní oṣù Kẹfà, fáírọ́ọ̀sì bá irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ wọlé, ó ba fódà oníbàárà mẹ́ta jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n máa lò ní ọjọ́ kejì. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́, mo tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, orin ìyìn àti ìtàn ayé olóògbé pẹ̀lú. Òru ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé mi ò ní fi ohun tí mi ò ní ẹ̀tọ́ sí jẹun mọ́.

Fífi Mint sórí ẹ̀rọ kò le. Fáìlì rẹ̀ tó bíi 3GB. Mo fi dátà òru gbà á, mo gbé e sórí fíláṣì, mo sì fi fíláṣì náà tan láptọ́ọ̀pù láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú dísìkì. Ọjọ́ méjì ni mo fi lò ó báyẹn kí n tó fi í sínú ẹ̀rọ pátápátá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má kánjú. Linux tó wà nídìí Mint yìí ni Linus Torvalds ọmọ Finland bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ọ̀fẹ́ ni títí di òní. Ẹ̀rọ mi yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, Mint kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí í fi dátà mi gba àtúnṣe láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe é. Bátìrì ní tirẹ̀ kò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí inú mi ti dùn jù: kíbọ́ọ̀dù. Ẹ wọ ibi ètò kíbọ́ọ̀dù lórí Mint, ẹ wá Nigeria: Yorùbá wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Igbo náà wà níbẹ̀. Mi ò wá ohunkóhun lọ sí ibòmíràn. Tẹ́lẹ̀, bí oníbàárà bá mú orúkọ bíi Fọlọ́runṣọ́ wá, màá kọ ọ́ láìsí àmì, màá wá fa ìlà kékeré lé orí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì fi róbótó tín-ń-tín sí ìdí ọ àti ṣ. Bí oníbàárà bá wá ní kí n mú lẹ́tà tóbi díẹ̀, àmì kan á kù sẹ́yìn, òmíràn á gun orí ẹnìkejì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ti fi àmì sílẹ̀ nítorí wàhálà yìí. Ó máa ń dùn mí. Ìdílé jókòó, wọ́n ronú, wọ́n fún ọmọ lórúkọ, àwa wá gé e kúrú lórí káàdì ìgbéyàwó rẹ̀. Nísinsìnyí mò ń tẹ orúkọ bí mo ṣe ń pè é.

Ti Hausa náà ràn mí lọ́wọ́, nítorí pé ìlàjì oníbàárà mi ni wọ́n ń sọ ọ́. Ẹni tó bá kọ k lásán níbi tí ƙ yẹ kó wà ti yí ọ̀rọ̀ padà: kara ni pòròpórò ọkà, ƙara sì ni kí a fi kún nǹkan. Málàm kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ ní àdúgbò wa máa ń fi gègé ya ìwọ̀ sí orí lẹ́tà lẹ́yìn tí mo bá ti tẹ̀wé fún un. Kò nílò gègé mọ́.

Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù nìkan kò tó, fóńtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí a fi ń kọ̀wé, wà ńbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ó ní fún ọ, ó ní fún ṣ, àmọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀, fóńtì ló sì yẹ kó mọ ibi tí àmì máa dúró sí. Noto, Gentium àti Charis mọ̀ ọ́n. Àwọn fóńtì alárànbarà tí a fi ń kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Linux kò lè wo ìyẹn sàn.

Inkscape ló rọ́pò CorelDRAW fún mi. Ọdún 2003 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀dà 1.2 tó jáde ní 2022 ló sì jẹ́ kó lè gba ojú ewé púpọ̀ nínú fáìlì kan. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìka mi fi ń ṣìnà. Bí ẹ bá wọ ibi ètò rẹ̀, ẹ máa rí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n tò bíi ti CorelDRAW. Ẹ yàn án ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ má ṣe bíi tèmi tí mo pẹ́ kí n tó rí i. Ohun tí a mọ̀ sí PowerClip nínú CorelDRAW, ìyẹn fífi àwòrán sínú ìrísí kan kí ohun tó bá yọ síta má hàn, Clip ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Fún fọ́tò, mò ń lo GIMP, ó sì tó fún iṣẹ́ tèmi.

Ó wá ku ilé ìtẹ̀wé. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí mo fi Inkscape ṣe ni ìwé ètò ìgbéyàwó olójú ewé mẹ́rìndínlógún, ẹ̀dà 500. Ìdílé ọkọ wá láti Kàbbà, ti ìyàwó láti Ìlọrin, orúkọ àwọn àgbà kún inú rẹ̀ bámúbámú, mo sì fi gbogbo àmì sí i. Mo sọ ọ́ di PDF, mo gbé e lọ. Nígbà tí mo padà lọ kó o, lẹ́tà ní òjìji pupa létí. Orí lẹ́tà ńlá, ojú lè má tètè rí i. Ṣùgbọ́n àmì ohùn kéré: ọ̀kan ti di méjì, róbótó ìdí ẹ ti fẹ́ bí ẹni pé omi kán sí i.

Ẹ̀gbọ́n tó ń darí ẹ̀rọ, ọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ ní Ṣómólú kó tó wá sí Àbújá, gbé ìwé náà súnmọ́ ojú.

“Àbúrò, dúdú rẹ yìí kì í ṣe dúdú o. Àwọ̀ mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Ṣé o kì í lo Corel mọ́ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò lò ó mọ́, sà.”

“Lọ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ di K nìkan, kó o tó mú un padà wá.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ìyẹn RGB, ni Inkscape fi ń ronú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní tirẹ̀ ń fi yíǹkì mẹ́rin ṣiṣẹ́, sáyàn, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú (òun ni K tí ẹ̀gbọ́n wí), pẹ̀lú pílétì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n yí PDF mi padà, dúdú mi di àdàlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí bébà bá sún kín-ún báyìí láàárín pílétì kan sí èkejì, òjìji dé nìyẹn. Èmi ni mo san owó àtúntẹ̀, torí pé èmi ni mo gbé fáìlì tí mi ò yẹ̀ wò lọ.

Ọ̀nà tí mo gbà yanjú rẹ̀ ni Scribus, ètò tí a fi ń to ojú ewé ìwé, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Inkscape ni mo fi ń ya àwòrán, inú Scribus ni mo ti ń to ọ̀rọ̀, màá fún ọ̀rọ̀ ní K 100, kò ní sí yíǹkì mìíràn nínú rẹ̀, ó di PDF tó yẹ ilé ìtẹ̀wé. Ẹ lo ẹ̀dà 1.6 sókè, ó ń fi àmì ohùn wa sí àyè rẹ̀ dáadáa. Ó fi bíi wákàtí kan kún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mi ò ní parọ́.

Wàhálà CDR, ìyẹn irú fáìlì tí CorelDRAW ń kọ, ṣì wà. Inkscape lè ṣí i, kò lè kọ ọ́. Ilé ìtẹ̀wé tó bá fẹ́ fáìlì tí wọ́n á fúnra wọn tún ṣe lójú ẹsẹ̀ kò ní gba PDF yín tayọ̀tayọ̀. Nínú iṣẹ́ àtijọ́ mi, àwọn tó rọrùn ṣí dáadáa, àwọn tó ní òjìji àti PowerClip wọnú ara wọn dàrú. Kí ẹ tó kúrò, ẹ ṣí gbogbo CDR tí oníbàárà lè padà wá béèrè, ẹ fi PDF rẹ̀ pa mọ́. Mo ṣe ti ọdún méjì péré, ó ń dùn mí di ìsinsìnyí.

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fi fáìlì Illustrator tàbí Photoshop ránṣẹ́ síra wọn lójoojúmọ́, ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Adobe, ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n, kò ṣe wọn fún Linux. Bí ẹ bá ń dá ṣiṣẹ́ bíi tèmi, tí ilé ìtẹ̀wé yín sì ń gba PDF, mo ní kí ẹ wá, ẹ kàn fi iṣẹ́ kékeré bẹ̀rẹ̀.

Ní ti fóńtì alárànbarà, mo ti gbé ọ̀kan tí àṣẹ rẹ̀ gbà wá láàyè láti tún un ṣe, mo ṣí i nínú FontForge, ètò tí a fi ń tún fóńtì ṣe. Mo ti parí ẹ, ọ àti ṣ, lẹ́tà ńlá àti kékeré. Àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ ni mo wà lórí rẹ̀ báyìí, èyí tó jókòó sórí ọ́ ti gún, ti ẹ̀ ṣì ń yẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀.