Àgbéyẹ̀wò áàpù ìdánrawò físíìsì, kẹ́mísìrì àti bàyọ́lọ́jì: ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí a jù sókè

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló sún mi dé ìdí kíkọ àgbéyẹ̀wò yìí. A ju bọ́ọ̀lù sókè tààrà; nígbà tí ó bá dé ibi tí ó ga jù lọ, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ wá sílẹ̀, kí ni acceleration rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí ìyára rẹ̀ fi ń yí padà? Mo yan 9.8 m/s² sí ìsàlẹ̀. Áàpù náà fa ìlà pupa sí ìdáhùn mi, ó ní òdo ni ó tọ̀nà, ó sì kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé níwọ̀n ìgbà tí bọ́ọ̀lù náà ti dúró, kò sí acceleration kankan lára rẹ̀ mọ́.

Irọ́ gbuu ni àlàyé yẹn. Ìyára bọ́ọ̀lù náà ni ó di òdo fún ìgbà díẹ̀ tí kò tó ìpajú rárá, kì í ṣe acceleration rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá di òdo lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní sí ohun tí yóò mú kí bọ́ọ̀lù náà tún kúrò níbẹ̀. Yóò kàn dúró sójú sánmà títí láé ni. Ilẹ̀ kò dẹ́kun fífa bọ́ọ̀lù mọ́ra nítorí pé bọ́ọ̀lù dé òkè, ìwọ̀n rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ bí ó ṣe wà nígbà tí ó ń gòkè, òfin kejì Newton sì sọ fún wa pé níbi tí agbára kan bá ti ń ti nǹkan tàbí tí ó ń fà á láìsí òmíràn tí ó dí i lọ́wọ́, ìyára nǹkan náà gbọ́dọ̀ máa yí padà. Ọ̀kan lára àwọn ìbéèrè tí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò fẹ́ràn jù lọ ni èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí òye yé yàtọ̀ sí ẹni tí ó kọ́ ọ sórí lásán.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ó fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ gíráámà, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn tí mo fẹ́ lọ kọ́ sì béèrè pé kí n yege nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò sì ní ẹlẹgbẹ́ tí a lè jọ yanjú ìṣirò. Àlàyé tó wà lábẹ́ ìdáhùn ni mo sanwó fún, nítorí pé ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá pọ̀ níbi gbogbo, èèyàn sì lè rí i láìná kọ́bọ̀. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a bi léèrè bá na ìka sí ibi tí kì í ṣe ọ̀nà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń lo irú áàpù báyìí kò ní ẹlòmíràn tí a lè bi.

Mo tẹ àmì tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè fún ẹni tí ó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, mo sì fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a ju bọ́ọ̀lù náà sókè pẹ̀lú ìyára 19.6 m/s. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1, ìyára rẹ̀ yóò ku 9.8, lẹ́yìn 2, yóò di 0, lẹ́yìn 3, yóò di 9.8 sí ìsàlẹ̀. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 9.8 náà ni ó ń yí padà, kò sì sí ibì kankan tí iye yẹn ti sinmi. Bí a bá ya gíráàfù ìyára àti àkókò, ìlà gbọọrọ kan ni yóò jẹ́, yóò la òdo kọjá láìtẹ̀ àti láìdúró. Mo ya gíráàfù náà sórí ìwé, mo ya àwòrán rẹ̀, mo sì fi àwòrán ojú ìwé áàpù náà tì í.

Èsì àkọ́kọ́ dé: «Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ pé ẹ kàn sí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ áàpù yìí kúrò lórí fóònù yín, kí ẹ sì tún un gbà padà.» Mo ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kì í ṣe fóònù mi ló ń ṣàìsàn. Òdo ṣì ni ìdáhùn. Mo tún kọ̀wé. Òṣìṣẹ́ mìíràn fèsì pé àwọn ògbóǹtarìgì olùkọ́ ti yẹ gbogbo ìdáhùn àwọn wò, pé kí n lọ ka orí tó dá lórí ìṣípòpadà kí n tó tún ìbéèrè náà ṣe, lẹ́yìn náà ó ti ẹjọ́ mi pa. Ó ti í pa láìbi mí bóyá ó tẹ́ mi lọ́rùn! Mo ṣí i padà. Ẹnì kẹta ní kí n fi àwòrán ojú ìwé náà ránṣẹ́, èyí tí mo ti fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì wà lókè lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ ń fèsì sí. Nígbà tí mo tọ́ka sí i, ó ní àwọn yóò fún mi ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ìdààmú tó bá mi.

Ọ̀rọ̀ oṣù ọ̀fẹ́ yẹn ló bí mi nínú jù lọ. Mi ò béèrè owó, mi ò sì béèrè ẹ̀bùn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹnì kan tí ó mọ físíìsì ka gbólóhùn mẹ́rin tí mo kọ. Tí wọ́n bá fún mi ní oṣù kan sí i, tí ìdáhùn náà kò yí padà, oṣù kan sí i ni wọn yóò fi máa kọ́ mi ní ohun tí kì í ṣe òótọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí wọn gẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì fi kún un pé n kò ní gba ẹ̀bùn náà.

Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ físíìsì kan láàrin wọn gba ẹjọ́ náà, obìnrin ni, ọ̀rọ̀ sì yí padà pátápátá. Kò fi ẹ̀bẹ̀ ṣáájú. Ó mú àwọn iye tí mo kọ, ó tún wọn tò, ó sọ pé mo tọ̀nà, lẹ́yìn náà ó bi mí ní ìbéèrè kan: bí a bá so ẹrù kọ́ sípíríǹgì, tí a fà á wálẹ̀ tí a sì fi í sílẹ̀ kí ó máa gòkè kí ó máa sọ̀kalẹ̀, ibo ni acceleration rẹ̀ ti pọ̀ jù? Mo ronú sí i dáadáa kí n tó fèsì. Ní ìkángun òkè àti ìkángun ìsàlẹ̀ ni, níbi tí ìyára rẹ̀ ti jẹ́ òdo gan-an. Ní àárín, níbi tí ó ti ń sáré jù, ni acceleration ti jẹ́ òdo. Ohun tí bọ́ọ̀lù fi hàn mí ní apá kan, sípíríǹgì fi hàn mí tán pátápátá: ìyára àti acceleration kì í ṣe ìbejì tí ń rìn pọ̀ rárá. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rí ìbéèrè lórí ìṣípòpadà, agbára tó ń ṣiṣẹ́ lára nǹkan náà ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, kì í ṣe bóyá nǹkan náà ń rìn tàbí ó dúró.

Kò tán síbẹ̀. Ó wá inú àpótí ìbéèrè wọn, ó sì rí i pé ẹni tó kọ ìbéèrè bọ́ọ̀lù náà ti kọ irú àṣìṣe kan náà sínú ìbéèrè sípíríǹgì àti ìbéèrè òkúta tí a jù láti orí òkè. Ó tún gbogbo wọn ṣe, ó sì kọ̀wé sí mi láti sọ bí ó ṣe tún wọn ṣe, pẹ̀lú àlàyé tuntun tí ó mọ́lẹ̀ tí ó sì kúrú. Inú mi dùn gan-an. Bí áàpù yìí bá ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta péré, tí ẹjọ́ oníbàárà sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn láìkọ́kọ́ gba ọwọ́ àwọn tí kò ka lẹ́tà, kò sí èyí tí yóò lè bá a figagbága.

Ìgbà tí ìbínú mi rọlẹ̀ ni mo wá rí ohun dáadáa tó wà nínú apá yòókù. Kẹ́mísìrì ni wọ́n ti ṣe dáadáa jù, nítorí pé ìdáhùn tí kò tọ̀nà pàápàá ní ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ wo ìbéèrè tó ní kí a wá ìwọ̀n copper sulphate aláwọ̀ búlúù, CuSO₄·5H₂O, tí a nílò láti fi po 250 cm³ omi tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.1 mol/dm³. Ìdáhùn rẹ̀ ni 6.24 g, nítorí pé 0.025 móòlù, ìyẹn ẹyọ tí a fi ń ka iye èròjà nínú kẹ́mísìrì, ni a ń wá, móòlù kan sì jẹ́ 249.5 g. Ẹni tó bá yan 3.99 g kò ní rí ìlà pupa nìkan. Áàpù náà yóò sọ fún un pé ó gbàgbé omi márùn-ún tó wà nínú kírísítà náà, pé 159.5 ni ó fi ṣírò. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ tó jókòó tì ọ́ máa ń ṣe.

Apá tí wọ́n pè ní yàrá àyẹ̀wò náà dára púpọ̀. Wọ́n ya burette, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn omi, wọ́n sì ní kí o ka ibi tí omi dé. Bí o bá ka etí omi dípò ìsàlẹ̀ kòtò rẹ̀, yóò dá ọ padà. Bí àwọn iye bá jẹ́ 24.90, 24.40 àti 24.50 cm³, kò ní gbà kí o pín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí mẹ́ta, nítorí pé àkọ́kọ́ jẹ́ àgbéléwọ̀n lásán tí kò sún mọ́ àwọn yòókù. Méjì tó bára mu ni ó ń mú, ìdáhùn sì jẹ́ 24.45. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ máàkì ni èèyàn máa ń sọ nù sórí nǹkan kékeré yìí nínú ìdánwò.

Síbẹ̀, nínú kẹ́mísìrì yìí náà ni wọ́n ti béèrè àyè tí 0.5 móòlù gáàsì máa gbà láìsọ bí ooru ibẹ̀ ṣe tó, tí wọ́n sì kọ 11.2 dm³ àti 12 dm³ síbẹ̀ pọ̀. Ní 0°C, móòlù gáàsì kan ń gba nǹkan bí 22.4 dm³, nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, 24 ni ọ̀pọ̀ ìwé ń lò. Àwọn méjèèjì lè tọ̀nà. Wọ́n ti tún un ṣe báyìí, mo sì rí i pé wọ́n tètè ṣe é.

Nínú bàyọ́lọ́jì, àlàyé tí wọ́n ṣe lórí àrùn fòníkú-fọ̀ládìde ni mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn kà. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ yóò jẹ́ SS, iye yìí sì ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́ta tí ara wọn le kò fi hàn pé ẹ̀kẹrin ni yóò gba àrùn náà, ọmọ kan tó ní i kò sì gba ìyókù là. Wọ́n kọ ọ́ láìfi ìbẹ̀rù kún un, ó sì yé mi ju bí ìwé èyíkéyìí ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Ìbéèrè lórí bí a ṣe ń yẹ ewé wò fún sítáàṣì náà dára: kò béèrè pé kí o to ìgbésẹ̀ nìkan, ó béèrè ìdí tí a fi ń gbé ọtí ethanol sínú omi gbígbóná dípò kí a gbé e ka orí iná, ìdí náà sì ni pé ọtí náà lè gbiná.

Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni àwọn ìbéèrè tí èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ tẹ ìdáhùn rẹ̀. Mo tẹ leucocyte, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kò tọ̀nà nítorí pé leukocyte ni wọ́n kọ sílẹ̀. Méjèèjì ni àwọn ìwé ń lò. Àwòrán inú ọkàn àti kíndìnrín kéré lójú fóònù débi pé èèyàn kò lè ka lẹ́tà tí wọ́n fi sàmì sí iṣan.

Ẹ̀dùn kan kù tí n kò lè dákẹ́ lé lórí. Áàpù yìí jẹ́ kí èèyàn lè gba àwọn ìbéèrè sórí fóònù láti máa ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ọ̀pọ̀ wa sì ṣe ń lò ó nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ìdáhùn kan ṣe, kò dé ara èyí tí èèyàn ti gbà tẹ́lẹ̀, wọn kò sì fi tó o létí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù àbúrò mi, tí òun náà ń múra ìdánwò: òdo ṣì ni ìdáhùn bọ́ọ̀lù náà níbẹ̀. Olùkọ́ yẹn ṣiṣẹ́ rẹ̀ dé ojú àmì, síbẹ̀ àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà tí wọ́n ń kọ́ irọ́ náà sórí láti inú èyí tó ti wà lórí fóònù wọn. Mo ti kọ̀wé sí wọn nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn ti gbé e fún àwọn tó ń kọ́ áàpù náà.

Mo ti san owó sáà tó ń bọ̀, mo ti bá àbúrò mi pa èyí tó wà lórí fóònù rẹ̀ rẹ́, mo sì bá a gba tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lóòrèkóòrè, kí ó sì máa fẹjọ́ sùn nígbà tí ìdáhùn bá ta ko ohun tí ìṣirò rẹ̀ sọ fún un. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ní ọjọ́ tí àtúnṣe bá ń dé orí gbogbo fóònù fúnra rẹ̀, n óò sọ ọ́ di márùn-ún.